Lẹ́yìn Àádọ́ta Àwòrán: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Àfojúsùn Rẹ̀ Ti Pé, Tí Iṣẹ́ Ọnà Ṣì Ń Wù

Ní ọjọ́ tí mo pé ọmọ 50 ọdún, àwòrán 50 ni mo fi pẹ́ẹ̀gì so mọ́ okùn aṣọ nínú àgbàlá wa ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà àti ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde ni gbogbo wọn: ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àrọ̀, akàn, edé nínú agbọ̀n, ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ létí omi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi yà wọ́n. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe jẹun, nítorí náà ìdájí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí àwọn oníbàárà tó dé, ni mo máa ń lọ jókòó sí ọjà ẹja Olúwo pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n wo àwòrán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sunkún nígbà tó rí àwòrán ọkọ̀ kan tó jọ ti bàbá wa.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jí ní agogo márùn-ún bí mo ṣe máa ń jí. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo tún gbé e kalẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń lé mi mọ́. Oṣù méje ni mi ò fi ya ohunkóhun.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pàdé àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Obìnrin kan kọ ewì gígùn fún ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀, kò sì kọ ìlà kan mọ́ lẹ́yìn ìnáwó. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní dandan òun á gbé orin jáde kí òun tó gbéyàwó. Ó gbé e jáde, ó gbéyàwó, ó gbé gìtá kọ́ ara ògiri. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń lé ni ọwọ́ wọn ti tẹ̀, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe lè máa bá iṣẹ́ náà lọ nítorí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ni mo kọ èyí fún. Àwòrán ni mo mọ̀, òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń hun aṣọ, tó ń kọ̀wé, tó ń kọrin tàbí tó ń gbẹ́gi lè fi ṣe tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sinmi, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ìsinmi máa parí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí àwọn ará ilé rí i. Ẹ má kó irinṣẹ́ wọ inú àpótí. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbi tí ojú yín á ti máa kàn án lójoojúmọ́. Irinṣẹ́ tó bá ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í tètè jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún jù lásìkò yìí ni kí ẹ kéde nọ́ńbà tuntun. Níbi ìnáwó tèmi, ẹni tó ń darí ètò gbé maikirofóònù sí mi lẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọgọ́rùn-ún ló kàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo èèyàn hó yèè. Ìlérí yẹn ló jókòó lé mi láyà fún oṣù méje. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo bébà, mi ò rí ẹja, mi ò rí omi, àádọ́ta tó kù ni mò ń rí.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìwádìí kan tó là mí lójú. Ní 1973, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Àwọn kan gba ìwé ẹ̀yẹ kan náà lójijì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kù kò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí wọ́n tún kó kálà sílẹ̀ lásìkò eré kí ẹni tó bá wù wá yàwòrán, àkókò tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún lò nídìí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn yòókù. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì ń yàwòrán wọn lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìlérí ló ba eré jẹ́. Ẹ̀bùn kọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín pé kí ló kàn, ẹ dáhùn pé, "Mo ń sinmi ná." Ó tó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tú ẹrù náà sílẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ má kánjú níbí, torí ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ẹ pa fóònù, ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tí ẹ ṣe lásìkò àfojúsùn yín jáde. Mo ní gbogbo rẹ̀: èyí tí ẹ fi han èèyàn, èyí tí ẹ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí ẹ dá dúró lágbedeméjì, bébà tí ẹ kọ ìlà méjì sí lẹ́yìn, ohùn tí ẹ gbà sórí fóònù lóru nígbà tí oorun ò wá, ègé aṣọ tí ẹ fi dán aró wò.

Ẹ pín wọn sí ìdì mẹ́ta.

Ìdì kìíní ni ti èyí tí ẹ ṣe kí iye lè pé. Ẹ óò mọ̀ ọ́n. Nínú tèmi, àwòrán ẹpìyà mẹ́rin wà tó jọra bí ìbejì. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ya gbogbo wọn, torí mo rí i pé mo ti ń pẹ́ jù.

Ìdì kejì ni ti èyí tí ẹ ṣe kí èèyàn lè yìn yín. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ tó pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún wà níbẹ̀, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni mo rò nígbà tí mò ń yà á.

Ìdì kẹta ni ti èyí tí kò sẹ́ni tó rán yín. Ẹ má bèèrè bóyá ó dára. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í dára, kì í sì í parí. Àmì tí ẹ óò fi dá a mọ̀ ni pé tí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ óò rántí ibi tí ẹ jókòó sí, òórùn tó ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń sọ.

Nígbà tí mo tú tèmi, ìdì kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nínú 50, méjì péré ni mo lè búra fún. Inú mi bàjẹ́. Mo ń kó wọn jọ padà nígbà tí ọ̀kan yí dojú bolẹ̀, mo wá rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ọwọ́ òsì obìnrin kan, kékeré báyìí, níbi tó ti di ìrù ẹja mú tí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́. Mo yí òmíràn. Ọwọ́. Òmíràn, ọwọ́ méjì. Lẹ́yìn bébà 23 ni mo ti rí ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ha ìpẹ́, tó ń gé ẹja, tó ń ka owó pẹ̀lú ìka tútù. Nígbà tí mo bá ń dúró kí wọ́n gbé ẹja tí mo fẹ́ yà wá ni mo máa ń yà wọ́n. Ẹja ni mò ń kà. Ọwọ́ ni mò ń wò.

Nítorí náà, ẹ yí gbogbo nǹkan wo. Ẹ̀yin akéwì, ẹ wo etí ìwé níbi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ewì náà mu. Ẹ̀yin olórin, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa ń kọ nígbà tí ẹ bá ń dán maikirofóònù wò. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ wo ohun tí ẹ máa ń fi àjákù aṣọ rán.

Tí ìdì kẹta bá ṣófo pátápátá ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin akéwì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ìwé rẹ̀ títí, kò rí nǹkan. Àmọ́ ó rántí pé ohun tó dùn mọ́ òun jù nínú ọdún yẹn ni ọ̀sán tí òun fi ń jókòó ti ìyá òun, tí òun ń bi í léèrè orin tí wọ́n máa ń kọ nídìí ààrò nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹja. Kíkọ ewì wá jẹ́ àwáwí. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́bọ̀ ló ń lọ jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gba orin wọn sílẹ̀, ewì sì ti ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọjọ́ ìbí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ìbéèrè rọ́pò nọ́ńbà

Nọ́ńbà máa ń pé, ìbéèrè kì í tètè pé. Ẹ mú ohun tó wà nínú ìdì kẹta, kí ẹ wá fi kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀, ní ìlà kan.

Tèmi nìyí: Kí ni ọwọ́ òsì ń ṣe nígbà tí ọ̀tún bá ń gé ẹja?

Ọ̀bẹ ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Àmọ́ ẹ dúró ti ẹni tó ń gé ọ̀bọ̀kún. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún líle lẹ́yìn, ó tún ní lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ẹni tí ó bá gún kò ní gbàgbé lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ òsì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀gún wà, kó dì í mú láìwò ó, kó yí i, kó tì í síwájú fún ọ̀bẹ. Ọwọ́ òsì ẹni tó ti ń gé ẹja fún ogún ọdún ń ríran. Mo lè ya èyí títí tí màá fi kú, tí yóò sì máa sọ nǹkan tuntun fún mi.

Ìbéèrè tó dára ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ lè ṣe nǹkan lé e lórí lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Èkejì, ọdún yìí kò ní tó láti dáhùn rẹ̀ tán. "Báwo ni mo ṣe lè di ayàwòrán ńlá?" kò bá àkọ́kọ́ mu, kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe láàárọ̀ ọ̀la. "Ṣé mo lè ya akàn dáadáa?" kò bá èkejì mu, lóṣù méjì ẹ ti dáhùn rẹ̀. Akéwì lè bèèrè pé: Kí ló dé tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ fi máa ń dárúkọ oúnjẹ tí òkú fẹ́ràn? Aránṣọ lè bèèrè pé: Kí ni aṣọ ń ṣe níbi ìgúnpá nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbé ọmọ pọ̀n? Ìwọ̀nyẹn ni ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnì kan tí mo máa ń rántí níbí ni Hokusai, ayàwòrán ilẹ̀ Jàpáànù tí wọ́n bí ní 1760. Nígbà tó ń tó ọmọ 70 ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òkè Fuji láti oríṣiríṣi ibi, àwòrán 36 ni wọ́n sì pè é. Ó pé 36. Òkè náà ò tíì tán lójú rẹ̀. Ó fi 10 lé e, gbogbo rẹ̀ di 46, orúkọ ṣì ń pè é ní 36. Kò dúró síbẹ̀ náà. Láti 1834 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òmíràn jáde, tí òkè kan náà fara hàn nínú rẹ̀ ní ọ̀nà ọgọ́rùn-ún. Òkè ló ń wò. Ẹni tó bá wo àwòrán mẹ́wàá tó fi kún un yóò rí i pé kò sẹ́ni tó ń kà á lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dá ọjọ́ àti ibi, kí ẹ sì gba àṣẹ

Ọjọ́ ni kí ẹ máa pa mọ́, ẹ má pa iye mọ́. Mo yan Túsìdeè àti Sátidé, láti agogo mẹ́fà àárọ̀, ogójì ìṣẹ́jú. Àwòrán kan lè jáde, mẹ́fà lè jáde, ó sì lè má sí ìkankan. Tí ogójì ìṣẹ́jú bá ti pé, mo ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ mú àkókò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ burúkú kò fi ní lè gbà á lọ́wọ́ yín. Wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò tó ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, torí ojú àti ọwọ́ máa ń gbàgbé.

Ní ti ibi, ẹ padà síbi tí ìbéèrè yín wà. Kò sí bí mo ṣe lè ya ọwọ́ òsì láti inú fọ́tò. Mo gbìyànjú rẹ̀. Fọ́tò máa ń dá ọwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ lílọ bíbọ̀ rẹ̀ ni mò ń wá.

Tó bá jẹ́ èèyàn ni iṣẹ́ yín kàn, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí ẹ sì gbà á bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí gbà á. Nígbà tí mo ń ya ẹja, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. Ọwọ́ ẹni yàtọ̀. Mo lọ bá Alhaja tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn tó ń gé ẹja lọ́wọ́ iwájú, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá."

"O káre. Ìwọ ayàwòrán, a ṣe bí o ti parí? A jẹ ìrẹsì rẹ níjelòó."

"Mo parí ti ẹja, Ìyá. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ máa yà báyìí, tí ẹ bá gbà fún mi."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ọwọ́ tó ti gbó yìí? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ó mọ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má jókòó síbi tí omi ẹja ti ń ta, wàá ba ìwé rẹ jẹ́. Má sì ya ojú mi."

Mi ò ya ojú rẹ̀ rí títí dòní. Ẹni tó bá fún yín láàyè, ẹ pa ààlà tó fà mọ́. Ibẹ̀ ni àyè náà ti máa ń fẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Irinṣẹ́ díẹ̀, àkọsílẹ̀ díẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe àwòrán, àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn kan máa bèèrè.

Pẹ́ńsùlù méjì tó: HB fún ìlà àkọ́kọ́, 4B fún òkùnkùn. Ẹja tútù àti ọwọ́ tútù máa ń dán. Ibi tó bá ti ń dán, ẹ má fi pẹ́ńsùlù kàn án rárá, bébà funfun fúnra rẹ̀ ni ìdán náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi 4B kùn dáadáa, yóò yọ síta. Fún ọwọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìka. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà tí oríkèé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sí, lẹ́yìn náà ẹ ya àlàfo tó wà láàárín ìka àti ìka. Àlàfo máa ń rọrùn fún ojú ju ìka lọ. Tí ẹ bá ń ya èèyàn odindi, ọwọ́ rẹ̀ gùn tó láti àgbọ̀n rẹ̀ dé ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ya ọwọ́ kéré jù.

Ohun tó ń rìn kò ṣòro tó bí ẹ ṣe rò. Ọwọ́ tó ń ha ìpẹ́ máa ń padà síbi kan náà lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àwòrán mẹ́rin lórí bébà kan, ọ̀kan fún ipò kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá ti padà sí ipò kan, ẹ fi ìlà kan kún tibẹ̀. Àrọ̀ nìkan ni yóò dán yín wò. Ó ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́, nítorí náà ó máa ń jà nínú báfù fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹpìyà ti dákẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ò sì dúró sójú kan. Mo nífẹ̀ẹ́ láti máa wo bí ọwọ́ òsì ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń ba bébà jẹ́. Bébà tí wọ́n fi ń ṣe fọtokọ́pì máa ń ká kò láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ ra èyí tó nípọn díẹ̀, ẹ fi bébà mímọ́ sáàárín àwòrán kan àti èkejì kí pẹ́ńsùlù má baà ra mọ́ra, ẹ fi páálí há a lápá méjèèjì, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì.

Lẹ́yìn bébà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ìlà kan: ọjọ́, ibi, àti ohun kan tí mo rí tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. "Ìka kékeré kì í kan ẹja rárá." "Ó fi eérú pa ọwọ́ kó tó mú àrọ̀." Mi ò kọ nọ́ńbà sí i. Ọwọ́ mi máa ń yún mí láti kọ ọ́, pàápàá nígbà tí bébà ti ń pọ̀, àmọ́ mo mọ ibi tí yóò gbé mi lọ. Tí ìlà yẹn bá ń nira láti kọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ìbéèrè yín ló ti ń gbó. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹni tí àfojúsùn rẹ̀ bá pé máa ń di ẹni tí wọ́n ń kí ní "ọ̀gá". Ó dùn létí, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ le. Ẹ wá apá kan nínú iṣẹ́ náà tí ẹ ò mọ̀ rárá, kí ẹ sì lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ayàwòrán Aina Onabolu, 1882 ni wọ́n bí i. Àwòrán inú ìwé ló kọ́kọ́ ń wò yà fúnra rẹ̀. Ní 1906 ó ti ya àwòrán ìyáàfin kan ní Èkó tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ṣì ń dárúkọ títí dòní. Ẹlòmíì ì bá jókòó ti ìyẹn. Ní 1920, nígbà tó ti ń súnmọ́ ọmọ ogójì ọdún, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tó padà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ìwé ẹ̀rí tó gbà bọ̀ kò dá a jókòó.

Tèmi kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ju ọmọ ọdún 22 lọ ló ń kọ́ mi ní kíkun àwòrán pẹ̀lú kálà olómi. Ó ń pè mí ní "Bàbá", mo ń pè é ní "ọ̀gá mi", ojú sì ń tì í. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, gbogbo ọwọ́ tí mo kùn ló dà bí ọwọ́ ẹni tó jóná. Mo tọ́jú gbogbo wọn. Ìdùnnú tí mo ní nígbà tí omi kálà àkọ́kọ́ dúró síbi tí mo fẹ́ kó dúró sí ju ti ọjọ́ ìnáwó lọ, kò sì sẹ́ni tó rí i bí kò ṣe èmi àti ọmọ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 7: Owó, àti ẹni tí ẹ máa fi hàn

"Èló lẹ ń rí níbẹ̀?" Wọ́n máa bi yín. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ yín gan-an ló máa bi yín jù, torí wọ́n ń rí epo mọ́tò àti owó bébà. Ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì purọ́ fún wọn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní ìwé méjì. Ọ̀kan wà fún títà: ẹni tó bá fẹ́ àwòrán ọkọ̀, ẹja tàbí ilé bàbá rẹ̀, mo máa yà á, a máa dúnàá-dúrà, mo máa gbowó. Èkejì ni ti ọwọ́ òsì, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó wà fún títà. Mo sọ fún ìyàwó mi bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì jọ fẹnu kò lórí iye tí owó ìwé kejì kò gbọ́dọ̀ kọjá lóṣù. Tí ẹ kò bá fà ààlà yìí, ohun tí oníbàárà fẹ́ máa wọ inú ìdì kẹta yín lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní mọ ìgbà tó wọlé.

Tí ẹ̀bùn bá dé lójijì, ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Ní Ìkòròdú ni àwọn ọmọ tí ayé ń pè ní Ikorodu Bois ti ń fi bárò, ìkòkò àti nǹkan inú ilé ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá. Netflix fi irinṣẹ́ ìyafíìmù ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Wọ́n ti ń ṣeré náà tipẹ́ kí ẹ̀bùn tó dé.

Ní ti fífi iṣẹ́ hàn, àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn. Mo máa ń mú bébà lọ fún àwọn obìnrin ọjà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Wọ́n máa ń tún mi ṣe: "Mi ò di ẹja mú báyìí, àtàǹpàkò mi máa ń wà nísàlẹ̀." Kò sí olùkọ́ tó lè sọ ìyẹn fún mi. Lẹ́yìn wọn ni ẹbí. Nígbà ọdún Kayọ́kayọ̀, tí àwa ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbí lẹ́yìn tí wọ́n kúrò l'Ékòó ní 1851, ilé máa ń kún. Mo kàn máa ń tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wù á ṣí i. Kò sí maikirofóònù.

Ìgbésẹ̀ 8: Tí ó bá ti tán lóòótọ́

Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni ẹ ti ṣe yẹn, kò sì sí nǹkan kan tó kù níbẹ̀ fún yín. Kò sí ẹ̀bi. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ìbéèrè àti ọjọ́ tí ẹ dá. Tí ọjọ́ bá ń dé tí ara yín ń wúwo, tí ẹ bá parí tí inú yín ò sì dùn ju ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ, tí ìlà ẹ̀yìn bébà ò wá, ẹ kó irinṣẹ́ fún ẹni tó ń wá a. Ọ̀dọ́kùnrin onígìtá yẹn fún àbúrò rẹ̀ ní gìtá náà, ó ń gbẹ́ ìlù báyìí, ó sì ń jí lóru nítorí awọ. Àmọ́ ẹ má ṣe ìpinnu yìí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìnáwó. Ó ti ń rẹ̀ yín nígbà yẹn.

Ní Túsìdeè tó kọjá, Alhaja mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sídìí tábìlì láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ẹja. Àrọ̀ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ọmọ náà ò tíì mọ ibi tó yẹ kó dì í mú. Ó dì í, ó yọ̀ bọ́ọ́, ó tún dì í, ó pa eérú sọ́wọ́, ó yọ̀. Ìyá àgbà ò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Bébà mẹ́rin ni mo kún kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, mo sì fi ogún ìṣẹ́jú lé e. Lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn, mo kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ méjì, ẹja kan, àgbà kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kàn jókòó lé e." Ọ̀la ni Sátidé. Mo ti gbẹ́ 4B sílẹ̀.